Láṣebìkan àti Ọkọ̀ Arúgbó-Ò-Kú

Ẹ̀yin tí ẹ jókòó yìí, ta ló mọ ibi tí àwọn àgbà ti rí òwe tí wọ́n ń pa pé ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹ jẹ́ kí n sọ bó ṣe jẹ́, ẹni tó bá sì fẹ́ bá mi jiyàn, kó kọ́kọ́ lọ tún ọkọ̀ kan ṣe ná.

Mẹkáníìkì kan wà ní ìlú Òkè-Àràbà, Láṣebìkan lorúkọ rẹ̀. Iṣẹ́ náà mọ́ ọn lọ́wọ́. Yóò fi ẹnu sìkúrúdíráfà kan ẹ́ńjìnnì, yóò fi ìdí rẹ̀ ti etí, yóò sì sọ ohun tó ń ṣe ọkọ̀ kí awakọ̀ tó rojọ́ tán. Ó mọ̀ pé òun mọ̀ ọ́n, kò sì fi í pamọ́ fún ẹnikẹ́ni. Ọkọ̀ akẹ́rù àtijọ́ kan wà tí àwọn ẹlẹgbẹ́ rẹ̀ ti ní kí wọ́n tà fún àwọn tó ń ra irin. Láṣebìkan gbà á, ó fi ọdún méjì tò ó pa dà, ó kùn ún láwọ̀ ewé, ó kọ ARÚGBÓ-Ò-KÚ sí iwájú rẹ̀. Bó bá ń wà á kọjá, ọrùn rẹ̀ kì í yí.

Wàyí o, bí wọ́n bá fẹ́ fi olórí ẹgbẹ́ mẹkáníìkì jẹ ní Òkè-Àràbà, ẹni tí oyè kàn yóò wa ọkọ̀ tó fi ọwọ́ ara rẹ̀ tún ṣe lọ síwájú ààfin. Yóò sọ̀ kalẹ̀, yóò fi ẹ́ńjìnnì sílẹ̀ kó máa ṣiṣẹ́, ẹnikẹ́ni ò sì gbọdọ̀ tẹná mọ́ ọn títí Kábíyèsí yóò fi ṣàdúrà tán. Bí ọkọ̀ bá kú kí wọ́n tó ṣe àmín ìkẹyìn, oyè ti bọ́ nìyẹn. Kábíyèsí ìgbà náà kì í sì í ṣe àdúrà kékeré. Ewúrẹ́ ààfin pàápàá, àdúrà wọn á kàn án.

Oyè wá kan Láṣebìkan. Ó ku ọjọ́ márùn-ún kó jẹ ẹ́ ni Arúgbó-Ò-Kú bá bẹ̀rẹ̀ àìsàn. Bó bá dúró sójú kan, ohùn rẹ̀ á wálẹ̀, gbù… gbù… gbù, bíi baba tó ń tòògbé lórí àga, á sì kú. Kì í tún ṣe ní gbogbo ìgbà o! Ara rẹ̀ lè yá láàárọ̀, kó di ọ̀sán kó dákú lẹ́ẹ̀mẹta. Èyí tó burú jù ni pé bí Láṣebìkan bá ti ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, tó tẹrí mọ́ ẹ́ńjìnnì, ọkọ̀ á máa dún rùrùrùrù bí ọmọ tuntun. Kó pa á dé, ó tún di gbù… gbù.

"Ṣé èmi lò ń fi ṣe yẹ̀yẹ́ ni?" Láṣebìkan bi ọkọ̀.

Ó pààrọ̀ púlọ́ọ̀gì. Ó fọ kàbúrétọ̀. Ó fẹnu fa epo nínú rọ́bà títí ó fi gbé e mì. Àṣàbí ìyàwó rẹ̀ ní, "Baba Àjíkẹ́, ẹ ò ṣe pe ẹnì kan kó bá yín wò ó?"

"Kí n pe ta? Èmi Láṣebìkan! Kí ni mo fẹ́ fojú rí?"

Ó jókòó, ó rò ó, ó ní òun ti rí ìdí rẹ̀: ojú òun ló ń ti ọkọ̀! Ó di dandan kí òun yọ́ ọ mú. Lọ́jọ́ Ẹtì, tí oyè ku ọ̀la, ó ró ìró Àṣàbí, ó wé gèlè, ó gba ẹ̀gbẹ́ ọkọ̀ kọjá bí obìnrin tó ń lọ sódò, kí ọkọ̀ má bàa dá a mọ̀. Bó ṣe gbọ́ gbù… gbù, ó fò mọ́ orí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó dojú bolẹ̀, ó fi sìkúrúdíráfà ti etí, ó bú sẹ́kún: "Arúgbó mi, ta ló ṣẹ̀ ọ́? Sọ fún mi, mi ò ní bínú!"

Àwọn èèyàn pé lé e lórí. "Ó ti yí!" "Àgbà yìí ti ya wèrè!" Àwọn ẹbí rẹ̀ gbé okùn dé láti dè é lọ sí ilé ìtọ́jú. Láṣebìkan di iná iwájú ọkọ̀ mú, ó ní òun ò lọ.

Ìyá Ayọ̀ká, ìyá àgbà tó ń bá wọn wẹ ọmọ tuntun ládùúgbò, ń ti ibi iṣẹ́ bọ̀ pẹ̀lú kànìnkànìn lọ́wọ́. Ó ní, "Ẹ fi í sílẹ̀ ná. Láṣebìkan, ìgbà wo ló ń ṣe é?"

"Bí mo bá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé ni, Ìyá. Bí mo bá ṣí i, ara rẹ̀ á yá."

"O ti wo bọ́nẹ́ẹ̀tì ọ̀hún?"

"Ìyá, ìdérí lásán nìyẹn! Kí lẹ mọ̀ nípa ọkọ̀?"

"N ò mọ nǹkan kan. Ṣùgbọ́n ọmọ tó bá jẹ́ pé ìgbà tí a bá daṣọ bò ó nìkan ló ń ké, n kì í yẹ ọmọ wò. Aṣọ ni mo máa ń gbọ̀n."

Ọ̀rọ̀ náà dun Láṣebìkan wọra. Ṣùgbọ́n okùn ń sún mọ́ ọn. Ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì, ó sì gbójú sókè fún ìgbà àkọ́kọ́.

Bàtà ló rí, tí wọ́n fi okùn so rọ̀ sábẹ́ bọ́nẹ́ẹ̀tì. Bàtà ta ni? Bàtà Láṣebìkan fúnra rẹ̀ ni, èyí tó wọ̀ lọ́jọ́ tó gba fírídọ̀ọ̀mù lọ́wọ́ ọ̀gá rẹ̀! Òun ló so ó síbẹ̀ kí ojú burúkú má bàa mú ọkọ̀ ṣáájú oyè, ayọ̀ oyè sì mú un gbàgbé. Bó bá pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé, bàtà á máa fì; bó bá bọ́ sẹ́nu kàbúrétọ̀, níbi tí ẹ́ńjìnnì ti ń mí, á dí i nímú. Bó bá ṣí i, bàtà á bá a gòkè.

Ó tú bàtà, ó pa bọ́nẹ́ẹ̀tì dé. Rùrùrùrù.

Lọ́jọ́ kejì, Kábíyèsí ṣàdúrà kan ilé, kan oko, kan ewúrẹ́, wọ́n tún pa dà sórí ilé. Arúgbó-Ò-Kú ò kú, rùrùrùrù ló ń dún. Nígbà tí àmín parí, Kábíyèsí ní, "Láṣebìkan, a gbọ́ pé wọ́n fẹ́ dè ọ́ lánàá. Ta ló wá tún ọkọ̀ yìí ṣe?"

Láṣebìkan wo ọ̀pọ̀ èèyàn, ó wo Ìyá Ayọ̀ká, ó dọ̀bálẹ̀. "Kábíyèsí, èmi ni mo tò ó láti orí dé ìdí. Èmi náà ni mo fi bàtà dí i nímú. Ìyá Ayọ̀ká ló gbà wá, èmi àti ọkọ̀."

Kábíyèsí rẹ́rìn-ín títí omi fi bọ́ lójú wọn. "Ó dáa bẹ́ẹ̀, oyè di tìrẹ. Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè."

Ìyá Ayọ̀ká ló jókòó síwájú ọkọ̀ lọ sílé. Okùn tí wọ́n fẹ́ fi dè é ni Láṣebìkan fi so bàtà náà mọ́ ẹ̀yìn ọkọ̀. Títí ó fi darúgbó, bó bá gbọ́ tí ẹnikẹ́ni pa òwe náà, yóò dìde, yóò gbáyà: "Ọgbọ́n ọlọ́gbọ́n ni kì í jẹ́ ká pe àgbà ní wèrè! Ẹ má pa á lásán o. Èmi gan-an ni àgbà yẹn!"