Lẹ́tà Kan Tó Bí Abuké Ọ̀kẹ́rẹ́

Ṣé ẹ mọ ìdí tí àwọn àgbà fi ń pa òwe pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́? Ẹ ò mọ̀ ọ́n. Ẹ kàn ń pa á kiri ni. Ẹlòmíì á ní òwe náà ti wà kí òyìnbó tó gbé ẹ̀rọ ìtẹ̀wé dé ilẹ̀ yìí. Ẹ bi onítọ̀hún bóyá ó wà níbẹ̀. Èmi náà ò sí níbẹ̀, ṣùgbọ́n ẹni tó sọ fún mi kì í purọ́ lọ́jọ́ Ẹtì, ọjọ́ Ẹtì ló sì sọ ọ́ fún mi.

Ọkùnrin kan wà ní Ìkirun, Fámúrewá lorúkọ rẹ̀. Ìwé kíkọ niṣẹ́ rẹ̀. Kì í ṣe ìwé àdúrà, kì í sì í ṣe ìwé ìṣirò. Ìtàn akọni ló ń kọ, irú ìwé tí wọ́n máa ń ya ọkùnrin tó ń fi ọwọ́ kan fún ọ̀nì lẹ́nu pa sí iwájú rẹ̀. Akínṣawó Ẹlẹ́sẹ̀ Irin lorúkọ akọni inú gbogbo wọn. Akínṣawó ti fi ẹsẹ̀ rin aṣálẹ̀ já, ó ti bá àbùùbùtán jà nínú òkun, ó ti bá kìnnìún méje sùn nínú ihò kan náà, àwọn kìnnìún ló sì kó jáde fún un. Ìwé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta ni Fámúrewá kọ nípa rẹ̀ láàárín ọdún mọ́kàndínlógún, ọ̀rọ̀ kan náà ló sì wà lójú ewé àkọ́kọ́ gbogbo wọn: “Èmi Fámúrewá, ojú mi méjèèjì yìí ni mo fi rí ohun gbogbo tí mo kọ síhìn-ín.”

Òtítọ́ ibẹ̀ ni pé Fámúrewá ò kọjá Òṣogbo rí. Ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo tó sì lọ Òṣogbo, ó bì lọ, ó bì bọ̀. Bó bá ti gbé ẹsẹ̀ wọ ọkọ̀ báyìí, inú rẹ̀ á dà rú. Àyọ̀ká ìyàwó rẹ̀ ló máa ń bá a gbé ìwé lọ sí ilé ìtẹ̀wé. Òun fúnra rẹ̀, abẹ́ igi gúáfà ẹ̀yìnkùlé ló máa ń jókòó sí, á ki ẹsẹ̀ méjèèjì bọ inú bàsíà omi tútù, á wá máa kọ ọ́ pé òùngbẹ fẹ́ẹ̀ pa Akínṣawó nínú aṣálẹ̀.

“Bàbá Wúrà, báwo ni aṣálẹ̀ ṣe rí gan-an?” Àyọ̀ká bi í lọ́jọ́ kan.

“Ó gbẹ.”

Àyọ̀ká kó ìwé, ó di ilé ìtẹ̀wé.

Ìwé kejìdínlọ́gọ́ta ló wá kó bá a. Nínú ìwé yìí, Akínṣawó rìn títí ó fi dé abúlé tó kẹ́yìn ayé. Orúkọ tí Fámúrewá sọ abúlé náà ni Ọ̀kẹ́rẹ́, nítorí bó ṣe ń wá orúkọ lọ́wọ́ ni ọ̀kẹ́rẹ́ kan gba orí igi gúáfà kọjá. Nígbà tí Akínṣawó padà délé, táwọn ará ilé rẹ̀ ní irọ́ ló ń pa, ó wò wọ́n láti òkè délẹ̀, ó ní: “Àìrìn jìnnà ni àìrí abúlé Ọ̀kẹ́rẹ́.”

Ọkùnrin kan tó ń jẹ́ Rájí ló ń to lẹ́tà ní ilé ìtẹ̀wé. Láyé ìgbà náà, lẹ́tà onírin ni wọ́n ń fi ọwọ́ ṣà lọ́kọ̀ọ̀kan láti inú àpótí, bí ẹni ń ṣa ẹ̀wà. Iye tó bá wà nínú àpótí náà ló wà níbẹ̀. Fámúrewá sì ti fi olè akólòlò kan sójú ewé tí à ń wí yìí. Olè ọ̀hún ò lè sọ “Ta ló wà níbẹ̀?” kó lọ bẹ́ẹ̀. “Ta l-l-l-l-l-l-ló wà níbẹ̀?” ló ń wí, ẹ̀ẹ̀mẹsàn-án ló sì wí i. Kí Rájí tó dé ìsàlẹ̀ ewé, olè ti kó gbogbo l inú àpótí jẹ. L kan ṣoṣo ló kù kí ewé náà pé, ti inú “abúlé”. Rájí wo àpótí, ó wo aago, ó mú k. Ó tún sọ Ọ gàǹgà inú orúkọ abúlé di kékeré, ó ní kí ni ọ̀kẹ́rẹ́ fẹ́ fi lẹ́tà ńlá ṣe. Ilé ìtẹ̀wé yẹn kì í fi àmì sórí ọ̀rọ̀, nítorí náà kò sóhun tó dá a dúró. Ó kà á lẹ́ẹ̀kan, ó rí i pé ó nítumọ̀, ó bá lọ jẹun.

Báyìí ni abúlé ṣe di abuké.

Kò pé oṣù kan tí ìwé náà jáde tí gbogbo Ìkirun fi gba ọ̀rọ̀ yìí mọ́ ẹnu. Ọmọ tí kò mọ ibi tí Sókótó wà, tíṣà á sọ ọ́ fún un. Ẹni tó bá ní ọbẹ̀ ìyá òun ló dùn jù láyé, wọ́n á sọ ọ́ fún òun náà. Ṣùgbọ́n àwọn ọdẹ ló ká lára jù lọ. Bí ọdẹ bá ti inú igbó bọ̀ lọ́wọ́ òfo, ìyàwó rẹ̀ á kúnlẹ̀ kí i, á gba àpò lọ́wọ́ rẹ̀, á yẹ inú rẹ̀ wò, á wá rọra ní: “Ẹ pẹ̀lẹ́ o. Àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.”

Ìyàwó Olúọdẹ Ògúndépò sọ ọ́ lẹ́ẹ̀mẹta lọ́sẹ̀ kan ṣoṣo. Ìgbà tó di ẹ̀ẹ̀kẹrin, Olúọdẹ dé fìlà, ó gbé ìbọn, ó kó ọdẹ mẹ́fà sẹ́yìn, ó di ilé òǹkọ̀wé.

“Fámúrewá,” ló wí, “ogójì ọdún ni mo ti ń pa ọ̀kẹ́rẹ́. Mo ti pa èyí tó yarọ. Mo ti pa èyí tí kò nírù. Abuké wá ńkọ́? Níbo lo ti rí tìrẹ?”

Fámúrewá kì í ka ìwé tó bá ti kọ tán, kì í sì í fi bẹ́ẹ̀ kúrò lábẹ́ igi gúáfà rẹ̀, nítorí náà ọ̀rọ̀ yìí ṣàjèjì sí i. Ó ṣí ìwé, ó rí k níbi tí l yẹ kó wà. Ẹ bá mi rò ó. Bó bá ní àṣìṣe atẹ̀wé ni, pé abúlé lòun kọ, wọ́n á ní kó mú àwọn lọ síbẹ̀, abúlé náà ò sì sí. Bó bá jẹ́wọ́ pé kò sí abúlé, ìwé mẹ́tàdínlọ́gọ́ta tó ṣáájú ńkọ́? Fámúrewá fẹ́ràn àwọn ìwé yẹn dénú egungun. Bó bá ń kọjá lójú títì, àgbàlagbà máa ń yà fún un, wọ́n rò pé ó ti fi ọwọ́ pa ẹkùn rí, ó sì máa ń dùn mọ́ ọn. Ó wá rò ó pé irọ́ ọ̀kẹ́rẹ́ ò lè wúwo tó irọ́ odidi abúlé.

“Ojú mi yìí ni mo fi rí i,” ó ní.

“Níbo?”

“Ó jìnnà, Olúọdẹ. Ìrìn ọjọ́ mẹ́rin ni, lápá àríwá.”

“Ọjọ́ mẹ́rin péré?” Olúọdẹ yíjú sáwọn ọdẹ rẹ̀. “Ó dáa. Ìwọ ni o máa ṣíwájú wa.”

Wọ́n bá fẹnu kò sí i lójú gbogbo àdúgbò. Bí wọ́n bá rí abuké ọ̀kẹ́rẹ́, àwọn ọdẹ á dọ̀bálẹ̀ fún òǹkọ̀wé láàárín ọjà. Bí kò bá sí, òǹkọ̀wé á dúró láàárín ọjà kan náà, á ka ewé àkọ́kọ́ ìwé méjìdínlọ́gọ́ta sókè ketekete, bó bá sì ti ka ọ̀kan tán, á ní, “Irọ́ ni.” Fámúrewá gbìyànjú rẹ̀ wò nínú ọkàn rẹ̀. Kò lè kọjá ẹ̀kẹta.

Àyọ̀ká di gààrí àti aṣọ fún un.

“Bàbá Wúrà, ṣé ẹ mọ ọ̀nà àríwá?”

“Mo mọ̀ ọ́n.”

“Ẹ nawọ́ sí i.”

Ó nawọ́. Àyọ̀ká di ọwọ́ náà mú, ó rọra yí i síbòmíràn.

Wọn ò tíì kọjá ilé tó kẹ́yìn ìlú tí Fámúrewá fi ní kí àwọn sinmi. Lọ́sàn-án ọjọ́ kìíní, wọ́n dé odò kan tí omi rẹ̀ ò ju ọrùn ẹsẹ̀ lọ, ó dúró sétí rẹ̀.

“Ọ̀gá,” ọdẹ kan wí, “nínú ìwé kọkànlélọ́gbọ̀n, ṣebí ẹ ní ẹ wà níbẹ̀ nígbà tí Akínṣawó gbé ìyàwó pọ̀n la odò ọlọ́nì já.”

“Omi ìyẹn lọ́wọ́ọ́wọ́,” Fámúrewá ní. Ọdẹ yẹn náà ló gbé e pọ̀n kọjá.

Lọ́jọ́ kejì, alángbá kan já bọ́ sí i lọ́rùn, ó sì ké pe baba ńlá rẹ̀ mẹ́rin lórúkọ. Lọ́jọ́ kẹta, bàtà rẹ̀ já. Nígbà tó di ọ̀sán ọjọ́ kẹrin, ó rí i pé ọ̀rọ̀ ti dé ojú ẹ̀. Ó jókòó lórí gbòǹgbò igi, ẹ̀rù ń bà á, ojú ń tì í, ó sì pinnu láti jẹ́wọ́.

“Olúọdẹ, ẹ jọ̀ọ́, ọ̀rọ̀ kan wà tí mo fẹ́ bá yín sọ…”

Olúọdẹ fi ìka lé ètè. Ó ń wo ọ̀pẹ kan níwájú. Ọ̀kẹ́rẹ́ kan jókòó síbẹ̀, ó ń jẹ ẹyìn. Lórí ẹ̀yìn ọ̀kẹ́rẹ́ náà, iké wà, ó yọ róńdó bí ìlàjì àgbálùmọ̀.

Olúọdẹ rọra gbé ìbọn sókè, nítorí bí wọn ò bá gbé e délé, ta ni yóò gbà wọ́n gbọ́? Ṣùgbọ́n nínú àwọn tó wà nínú igbó lọ́jọ́ náà, kò sẹ́ni tẹ́nu yà tó Fámúrewá. Láti ọjọ́ tó ti ń kọ̀wé, kò rí ohun tó kọ lójúkojú rí. Kó tó mọ̀, ó ti pariwo:

“Yé! Ó wà lóòótọ́!”

Ọ̀kẹ́rẹ́ wò ó lẹ́ẹ̀kan, ó gbé iké rẹ̀, ó lọ. Wọ́n wá a títí, wọn ò rí i mọ́.

Olúọdẹ sọ ìbọn kalẹ̀. “Kí lo wí? Ṣebí ìwọ lo ní o ti rí i tẹ́lẹ̀?”

“Mo ti rí i tẹ́lẹ̀, Olúọdẹ. Inú mi kàn dùn pé àlàáfíà ló wà ni.”

Ọjọ́ tí wọ́n padà dé, ọjà Ìkirun kún. Wọ́n ti to ìwé méjìdínlọ́gọ́ta sórí tábìlì, Àyọ̀ká sì bu omi dúró tì í, kí ọ̀fun ọkọ rẹ̀ má baà gbẹ. Ìyàwó Olúọdẹ ló wà níwájú.

“Bàbá Ògúnkẹ́yẹ, ẹ káàbọ̀. Ọ̀kẹ́rẹ́ ọ̀hún dà?”

“Ó sá lọ.”

Ẹ̀yin náà ẹ rí i: bí Olúọdẹ bá ní òun ò rí nǹkan kan, ó ti bọ́ nìyẹn. Ẹnikẹ́ni ò ní fi í ṣe yẹ̀yẹ́ mọ́, Fámúrewá lọ̀rọ̀ kàn. Fámúrewá náà mọ̀ bẹ́ẹ̀, ó ti mú ìwé kìíní lọ́wọ́. Àmọ́ Olúọdẹ kì í ṣe ẹni tó ń purọ́.

“Ó wà,” ló wí. “Mo rí i. Ó ní iké.”

“Yéè!” ẹnì kan ké láti ẹ̀yìn. “Olúọdẹ náà ti di òǹkọ̀wé!”

Gbogbo ọjà wó lẹ́rìn-ín. Ìyàwó Olúọdẹ rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀, ó ń bèèrè bóyá ọ̀kẹ́rẹ́ náà kí ọkọ òun kó tó máa lọ. Olúọdẹ wo àwọn ọdẹ rẹ̀ kí wọ́n jẹ́rìí. Ọ̀kan nínú wọn ní iké náà ò fi bẹ́ẹ̀ tóbi, ìyẹn ò sì ràn án lọ́wọ́. Ó wo Fámúrewá. Fún ìgbà àkọ́kọ́ ní ọdún mọ́kàndínlógún, Fámúrewá rí òtítọ́ sọ, ó sì mọ̀ pé bóun bá fi lè lanu báyìí, ọ̀rọ̀ bàjẹ́ nìyẹn. Ó rọra dá ìwé kìíní padà sórí tábìlì.

Olúọdẹ dúró níbẹ̀, ó ń wá ọ̀rọ̀ tí yóò fi pa ẹ̀rín lẹ́nu wọn. Ó wá a yíká gbogbo èdè Yorùbá, ọ̀kan ṣoṣo ló rí tó bá a mu, ìyẹn sì ni èyí tó tìtorí rẹ̀ gbé ìbọn jáde nílé. Ó wúkọ́. Ó kọjú sí ìyàwó rẹ̀. Ó wí i tàánútàánú, gẹ́gẹ́ bí ẹni tó ti rìn dé ibẹ̀:

“Ìyá Ògúnkẹ́yẹ, àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.”

Ẹnu Olúọdẹ làwọn àgbà ti gbà á, torí ẹni tó bá ní ẹnu Fámúrewá lòun ti gbọ́ ọ, wọn ò ní gbà á gbọ́. Nítorí náà, bí ẹ bá fi ojú yín rí nǹkan, tí ẹnì kan ní irọ́ lẹ̀ ń pa, ẹ má bá a jiyàn. Ẹ kàn wo bàtà rẹ̀. Bí kò bá tíì jẹ nídìí, ẹ sọ fún un pé àìrìn jìnnà ni àìrí abuké ọ̀kẹ́rẹ́.