Bí Ìbíwùmí Ṣe Ṣẹ́gun Ẹ-bínú-kú

Ọjọ́ kan ni ìròyìn náà fi pẹ́. Láàárọ̀ ọjọ́ Ẹtì ni akéde dé Òkè-Agbọ̀n, ó ní kí gbogbo ẹni tó bá ní ajá mú un wá sí gbọ̀ngàn kánsù ní Ọjọ́bọ̀, pé àwọn dókítà ajá yóò ṣe iṣẹ́ abẹ lọ́fẹ̀ẹ́, kí ajá má baà lóyún mọ́. Ọjọ́bọ̀ sì ti lọ lánàá. Akéde ní òkú àna òun ni òun lọ sin, ajá kan kò sì tó ohun tí èèyàn ń torí ẹ̀ pa òkú àna tì. Àwọn dókítà ti kọjá sí Ìsàlẹ̀-Odò, wọn yóò sì palẹ̀ mọ́ lọ́sàn-án.

Ta ló gbọ́ irú èyí tí kò káwọ́ lérí? Ìbíwùmí ni. Ìbíwùmí ọmọ Adégòkè, ọmọ akin tó fi bàtà ẹsẹ̀ kan ṣoṣo lé òbúkọ jáde nínú ṣọ́ọ̀ṣì nígbà tí àlùfáà ti sá sẹ́yìn pẹpẹ. Ọmọ-ọmọ obìnrin tó bá alángbá du àwo ọbẹ̀, tí alángbá fi orí tọrọ gáfárà títí di òní olónìí. Bí erin bá jí, igbó a mì. Bí Ìbíwùmí bá jí, ìgbálẹ̀ a nàró.

Abo ajá pupa kan ló wà nílé wọn, Ẹ-bínú-kú lorúkọ rẹ̀. Bàbá Àdìgún, ẹ̀gbọ́n bàbá Ìbíwùmí tó ni ilé, ló sọ ọ́ bẹ́ẹ̀ nítorí Màmá Ẹlẹ́ja, aládùúgbò tí wọ́n jọ ń jà sí ògiri ààlà, kí òun lè máa pe ajá láràárọ̀, kí ọ̀rọ̀ sì máa há obìnrin náà lọ́fun bí eegun. Báyìí ni akọni ọkùnrin ṣe ń jagun: ajá ló ń rán níṣẹ́. Ṣùgbọ́n Bàbá ti búra pé bí ajá náà bá tún lóyún, òun yóò tà á fún àwọn tó ń se ẹran ajá lẹ́yìn gáréèjì, bí òun ṣe ta àwọn ọmọ rẹ̀. Ìbíwùmí ló sì fi ẹ̀kọ tọ́ ajá náà dàgbà. Igbe àwọn ọmọ ọjọ́ yẹn kò tíì kúrò létí rẹ̀.

Ló bá fi gèlè di ìdí. Àwọn ológun ìgbàanì gbé apata. Òun gbé ọmọrí ìkòkò. Wọ́n fa idà yọ. Òun fa okùn ewúrẹ́. Ẹ-bínú-kú rí okùn, kò dúró bá a sọ̀rọ̀. Wọ́n yí ilé po bí ìjì, adìẹ ń fò, omi ń dà, àfi gìrì tí ajá gba ojú ihò ògiri bọ́ sí àgbàlá Màmá Ẹlẹ́ja, ó wọ abẹ́ ààrò.

Ẹsẹ̀ akọni dúró. Ohun kan ṣoṣo ló lè mú ajá jáde, orúkọ rẹ̀ ni. Ibì kan ṣoṣo tí kò sì ti ṣeé pè nìyẹn. Òkè tí ogun kò lè gùn kò ga tó ẹnu ọ̀nà yẹn.

Màmá Ẹlẹ́ja ń yí ẹja lórí iná. Ó wo okùn, ó wo ọmọrí ìkòkò.

"Pè é ná," ó ní. "Ṣebí ó lórúkọ."

Ìbíwùmí kúnlẹ̀. "Màmá, ẹ má bínú. Bó bá tún lóyún, wọ́n máa tà á ni."

"Ta ló ń bínú? Ọjọ́ ti pẹ́ tí wọ́n ti ní kí n bínú kú, wo bí mo ṣe sanra." Obìnrin náà bẹ̀rẹ̀, ó rẹ ohùn sílẹ̀. "Ẹ-bínú-kú, ọmọ mi, máa bọ̀."

Ajá jáde tìrùtìrù, ó lọ jókòó síbi tí orí ẹja máa ń já sí fún un lójoojúmọ́. Àṣé ẹni tí wọ́n ń fi ajá bú ló ń bọ́ èébú náà.

Agbọ̀n ẹja ni wọ́n gbé e sí, ọ̀kadà ni wọ́n fi gbé e dé Ìsàlẹ̀-Odò, níbi tí dókítà ti ń bọ́ ìbọ̀wọ́ rẹ̀. Ó tún un wọ̀. Nígbà tí nọ́ọ̀sì pe orúkọ ajá sókè, àwọn obìnrin kan yíjú padà, wọ́n ti ń múra ìjà. Abẹ́rẹ́ kan, ọ̀bẹ díẹ̀, òwú díẹ̀, ogun parí.

Kí àkùkọ dákẹ́, kí ewúrẹ́ gbé ẹnu kúrò lára èèpo iṣu, kí gbogbo Òkè-Agbọ̀n gbọ́: ọmọ afi-bàtà-lé-òbúkọ ti ṣẹ́gun, ajá ń bẹ léjìká rẹ̀ bí adé, oorun oògùn ló ń sùn. Bàbá Àdìgún na ọwọ́ di ẹnu ọ̀nà, ọkùnrin tí kò di okùn mọ́ ajá lọ́rùn rí, ó ní ta ló fún un láṣẹ.

"Bàbá, wọ́n ti ṣe é," ni Ìbíwùmí wí. "Kò ní lóyún mọ́, ẹ ò sì ní tà á. Tẹ́ ẹ bá lé e, ọ̀dọ̀ Màmá Ẹlẹ́ja là ń lọ, èmi àti òun."