Yẹ̀pẹ̀ Ọ̀fẹ́ Lẹ́nu Géètì Mi

Ọjọ́ kan ò ní tán lọ́kàn mi bọ̀rọ̀. Ó ti gba yàrá síbẹ̀, kò sì jọ ẹni tó ń múra àtikó jáde. Ọjọ́ náà ni mo wọ agbádá léèsì funfun, mo dé fìlà, mo sì gun orí tábìlì ìjẹun nínú ilé ara mi ní Mowe, tí bàtà mi ọ̀tún ń lúwẹ̀ẹ́ lọ sí kíṣìnnì. Ẹ má tíì rẹ́rìn-ín. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ bí mo ṣe débẹ̀.

Tíṣà jọ́gíráfì ni mí kí n tó fẹ̀yìn tì. Ọdún gbọọrọ ni mo fi dúró níwájú ọmọ ọlọ́mọ, tí mò ń fi ṣọ́ọ̀kì ya ọfà sára pátákó, pé ibi gíga ni omi ti ń wá, ibi tó rẹlẹ̀ ló ń lọ, ẹni tó bá dí i lọ́nà ló máa gbà á lálejò. Ẹ fi ìyẹn sọ́kàn, nítorí pé èmi ò fi sọ́kàn.

Èmi àti ìyàwó mi la jọ kọ́ ilé náà díẹ̀díẹ̀, nígbà tí a ṣì ń gbé ní Èkó. Kò pẹ́ tí a kó débẹ̀ tí Táyọ̀, ọmọ wa tó wà ní Kánádà, fi bí àkọ́bí rẹ̀, ìyá rẹ̀ sì lọ bá wọn tọ́jú ìkókó. Oṣù díẹ̀ ló pè é. Nígbà tí oṣù díẹ̀ pé, wọ́n ní òtútù ń mú ọmọ. Nígbà tí òtútù lọ, ìyàwó Táyọ̀ padà sẹ́nu iṣẹ́. Nígbà tó yá, wọ́n ní oyún mìíràn ti dé, mo sì mọ̀ pé àlejò ti di onílé.

Ilé oníyàrá mẹ́rin, èmi nìkan. Bí mo bá se ìrẹsì lọ́jọ́ Ajé, òun náà ni mo máa ń bá wíjọ́ títí di Ọjọ́bọ̀. Àwọn ará òpópónà wa, Èkó ni iṣẹ́ wọn wà. Kí ilẹ̀ tó mọ́ wọ́n ti jáde, ilẹ̀ á ti ṣú kí wọ́n tó dé. Tó bá di ọ̀sán, gbogbo àdúgbò á dákẹ́ débi pé bí mo bá húkọ́, èmi náà ni mo máa ń kí ara mi pẹ̀lẹ́. Mo tún máa ń dáhùn pé mo dúpẹ́. Ẹnì kan ṣoṣo tó tún máa ń wà nílé ni Alàájì tó ń gbé ní òdìkejì, dírẹ́bà lọ́rí tó ti fẹ̀yìn tì, ọmọ bíbí ibẹ̀. Òun á jókòó síwájú ilé tirẹ̀, èmi á jókòó síwájú tèmi. A máa ń kí ara wa, ó parí. Mo rò pé kò sí ohun tí àwa méjèèjì lè jọ sọ.

Nẹ́tíwọ̀kì fóònù wa kò sì ràn mí lọ́wọ́. Lórí fídíò, ìyàwó mi á dúró gbagidi pẹ̀lú ẹnu lílà, bí ẹni tí wọ́n yà ní fọ́tò níbi tó ti ń yán. Ibi kan ṣoṣo tí ohùn ti máa ń já gaara ni ẹ̀yìn táǹkì omi, kí n gbé ẹsẹ̀ kan sórí búlọ́ọ̀kù. Bí mo bá gbé ẹsẹ̀ kejì, ó ti já.

Ibẹ̀ ni mo wà tí Táyọ̀ fi sọ fún mi pé ọmọ kejì ti dé. "Dádì, ẹ̀yin lẹ máa sọ ọ́ lórúkọ o. Sátidé ni. Orí fídíò la máa ti ṣe é." Inú mi dùn dé góńgó. Ó wá rọra fi kún un pé, "Ṣùgbọ́n tí nẹ́tíwọ̀kì bá tún ṣe bó ṣe máa ń ṣe, bàbá ìyàwó mi á bá wa sọ ọ́. Wọ́n ti dé láti Lọ́ńdọ̀nù."

Èèyàn dáadáa ni àna mi ọ̀hún. Àmọ́ ọkùnrin náà fẹ́ràn màìkì. Òun ló gbàdúrà níbi ìgbéyàwó tí oúnjẹ fi tutù. Òun náà ló sọ ọmọ àkọ́kọ́ lórúkọ, nígbà tí ohùn mi já lẹ́yìn táǹkì. Mo ní kò ní rí bẹ́ẹ̀ lẹ́ẹ̀kejì.

Bí Ọlọ́run ṣe máa ṣe é, ọ̀sẹ̀ yẹn gan-an ni ilé iṣẹ́ kan ń ri wáyà íńtánẹ́ẹ̀tì mọ́lẹ̀, láti ọ̀nà Ibafo bọ̀ wá sí ọ̀dọ̀ wa. Ẹgbẹ́ onílé ti fi mí ṣe alága ọ̀rọ̀ àyíká, nítorí jọ́gíráfì tí mo mọ̀. Ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n darí Títílayọ̀ sí, ọmọbìnrin kan tó wọ bàtà òjò tó ga dé orúnkún. Ó kúnlẹ̀ kí mi tòun ti bàtà yẹn, mo sì fẹ́ràn rẹ̀ lójú ẹsẹ̀. Kì í ṣe òun ló ń ri wáyà. Iṣẹ́ tirẹ̀ ni kó rí i pé ilẹ̀ tí wọ́n ń gbẹ́ kò kó bá àdúgbò: kí wọ́n má bẹ́ páìpù omi onílé, kí wọ́n má gé gbòǹgbò igi, kí yẹ̀pẹ̀ má dí gọ́tà.

"Ẹ jọ̀ọ́ sà," ó ní, "tí òjò bá rọ̀, ibo ni omi máa ń gbà níbí?"

"Kí ló dé tí o fi bèèrè?"

"Tó bá ń gba iwájú ilé yín, a gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ ri páìpù ńlá síbẹ̀ fún omi, kí wáyà tó kọjá. Ó lè fi ọ̀sẹ̀ kan kún iṣẹ́."

Ọ̀sẹ̀ kan. Mo rí àna mi tó di màìkì mú.

"Omi kì í yọ wá lẹ́nu," mo ní. Mo na ọwọ́ sí gọ́tà bí ẹni ń kọ́ kíláàsì. "Wò ó. Gbígbẹ ni."

"Òjò ò tíì bẹ̀rẹ̀ ni, sà."

"Tíṣà jọ́gíráfì ni mí."

Ó wò mí, ó wo gọ́tà. "Ó dáa, sà. Àmọ́ yẹ̀pẹ̀ tí wọ́n bá wà jáde, inú àpò ni o. Mọ́tò wa á wá kó o."

Ẹ̀yin tí ẹ ń gbé apá ọ̀dọ̀ wa mọ ohun tí yẹ̀pẹ̀ jẹ́ fún onílé. Ilẹ̀ wa rọ̀, ó sì rẹlẹ̀. Ẹni tó bá kọ́lé á da yẹ̀pẹ̀ síwájú géètì kí tirẹ̀ lè ga ju ti aládùúgbò. Tó bá di ọdún tó ń bọ̀, aládùúgbò á da tirẹ̀ lé e. Ìdíje tí kò ní òpin ni. Yẹ̀pẹ̀ tí èèyàn ń tìtorí ẹ̀ bẹ onítípà, òun ni wọ́n ń dì sínú àpò lójú mi kí wọ́n lè lọ dà á nù. Bí Títílayọ̀ ṣe yà sí òpópónà kejì, mo gbé ọtí ẹlẹ́rìndòdò tútù fún àwọn tó ń gbẹ́lẹ̀, mo ní, "Ẹ̀yin èèyàn mi, ẹ máa dà á síbí." Wọ́n da ti iwájú ilé mi, wọ́n da ti ilé kejì, wọ́n tún lọ wa ti ilé kẹta wá. Nígbà tó fi máa di ìrọ̀lẹ́, yẹ̀pẹ̀ ti bo gọ́tà mọ́lẹ̀, ẹnu géètì mi sì ti di òkè. Mo gun orí rẹ̀, mo wo òpópónà nísàlẹ̀ bí ọba tó jáde wo ìlú.

Alàájì rọra sọdá wá. "Tíṣà, ẹ kú iṣẹ́ o. Òkè yìí mà dára. Ṣé ibẹ̀ lẹ ti fẹ́ máa pe ìrun fún wa ni?"

"Omi ojú títì ni mo fẹ́ fi lé padà, Alàájì."

"Omi ojú títì kọ́ ló ń wá bá yín. Ẹ̀yìn ilé yín lomi ti ń wá. Oko bàbá mi ni gbogbo ibí nígbà tí mo kéré. Ibi tí ẹ dúró sí yẹn ló ń gbà jáde."

"Ìyẹn ayé ìgbà yẹn."

"Ó dáa," ó ní, "omi á wá sọ ti ìsinsìnyí fún yín." Ó padà lọ jókòó.

Lọ́jọ́ Ẹtì, wáyà wọlé. Wọ́n so àpótí kékeré kan mọ́ ara ògiri pálọ̀, iná rẹ̀ ń ṣẹ́jú. Mo pe ìyàwó mi, ojú rẹ̀ sì yọ gedegbe bí ẹni tó jókòó tì mí. Mo rí i pé ó ti ń lo jígí ojú. Kò sẹ́ni tó sọ fún mi. Mo bi í pé ìgbà wo ló rà á, ó ní ó ti pẹ́. Nẹ́tíwọ̀kì ò já; àwa la ò rí nǹkan sọ.

Sátidé pé. Mo to omi, oyin, iyọ̀, obì àti orógbó sínú abọ́ kéékèèké lórí tábìlì. Mo tilẹ̀ to àga yí tábìlì ká, kí ilé má bàa jọ ilé ẹni tí kò léèyàn lójú fídíò. Mo wọ agbádá, mo jókòó, mò ń dúró. Ni òjò àkọ́rọ̀ bá ṣú. Bó ṣe bẹ̀rẹ̀ ni wọ́n mú iná lọ, ínfátà sì gba iṣẹ́. Mo yin ara mi pé mo ra ínfátà. Mi ò rántí pé orí ilẹ̀ ni bátìrì rẹ̀ wà.

Omi gba abẹ́ ilẹ̀kùn ẹ̀yìn wọlé bí ẹni tó mọ ilé tẹ́lẹ̀. Ó la kíṣìnnì kọjá, ó gba pálọ̀, ó jáde síwájú, ó bá òkè mi pàdé, ó sì padà wá jókòó tì mí. Mo kọ́kọ́ fi aṣọ ìnulẹ̀ nù ún. Lẹ́yìn náà mo fi abọ́ gbọ́n ọn. Nígbà tí ó dé ọrùn ẹsẹ̀ mi, mo ká agbádá, mo gun àga. Nígbà tí àga bẹ̀rẹ̀ sí í mì, mo gun tábìlì. Fóònù bá dún.

Gbogbo wọn ló yọ lẹ́ẹ̀kan náà, ojú kún inú fóònù. Ìyàwó mi ló gbé ọmọ náà, ó sùn, ó rọra di ẹ̀ṣẹ́.

"Dádì, ẹ yọ kedere," Táyọ̀ ní. "Ṣùgbọ́n kí ló dé tí fáànù òkè àjà fi wà létí yín?"

"Mo ṣe àtúnṣe sí pálọ̀ ni."

"Bàbá Táyọ̀," àna mi gbé ohùn sókè, "ẹ jẹ́ ká bẹ̀rẹ̀. Ẹ fi omi ṣe é."

Nínú gbogbo nǹkan ìsọmọlórúkọ, omi nìkan ni kò wọ́n mi lọ́jọ́ náà. Mo gbé abọ́ omi. "Omi ò lọ́tàá," mo ní, "ọmọ yìí ò ní lọ́tàá." Wọ́n ṣe àmín. Àga kan léfòó wá, ó kan tábìlì, gbà. "Kò sẹ́ni tó lè dí omi lọ́nà," mo ní, mo sì fi gbogbo ẹnu sọ ọ́, nítorí pé mo ṣẹ̀ṣẹ̀ gba ọ̀rọ̀ náà gbọ́. Wọ́n ṣe àmín. Mo wá gbé ojú sókè. "Orúkọ ọmọ yìí ni..."

Ínfátà dún tíì, ó kú. Iná àpótí ara ògiri kú. Ojú gbogbo wọn pòórá nínú fóònù.

Mo gbé e sókè, mo nà án sí fèrèsé. Kò sí nǹkan. Ẹ̀yìn táǹkì ti di odò. Òjò ń rọ̀, àwọn àga mi ń yí mi ká. Mo dúró lórí tábìlì pẹ̀lú orúkọ lẹ́nu, mi ò sì mọ ibi tí mo máa gbé e sí. Nítorí náà mo sọ ọ́ síta. Bàtà mi nìkan ló gbọ́, òun náà ń lọ.

"Tíṣà," ẹnì kan ké láti ìta, "ṣé ẹ ṣì wà níbẹ̀?"

Alàájì ni, ó ká ṣòkòtò, ó gbé ṣọ́bìrì méjì lọ́wọ́. Mo bọ́ agbádá sílẹ̀, a lọ gbé òkè náà jù sápá kan. Nígbà tí ọ̀nà ṣí, omi rọ́ jáde pẹ̀lú bàtà mi, ìgò oyin, àti obì tí ẹsẹ̀ mi ti gbá bọ́ lórí tábìlì, tó ń yí gbirigbiri. Alàájì wo obì náà lọ, ó wò mí láti òkè délẹ̀.

"Kí lẹ ń ṣe nínú ilé?"

Mo sọ fún un. Kò rẹ́rìn-ín. Ó fi ṣọ́bìrì ti géètì. "Kí lẹ wá sọ ọmọ náà?"

"Ayọ̀délé."

Ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè nínú òjò. "Ayọ̀délé. Ọlọ́hun á jẹ́ kó dàgbà." Mo ṣe àmín. Òun ló kọ́kọ́ gbọ́ orúkọ ọmọ ọmọ mi, ọkùnrin tí mi ò fi bẹ́ẹ̀ bá sọ̀rọ̀ tó kọjá ìkíni títí di ọ̀sẹ̀ yẹn.

Ìrọ̀lẹ́ ni ìyàwó mi rí mi bá sọ̀rọ̀, lẹ́yìn táǹkì. Wọ́n ti dúró dè mí títí, àna mi sì ti bá wa sọ ọ́. Mo sọ Ayọ̀délé fún un, ó ní òun ló máa ṣìkejì orúkọ ọmọ náà. "Fídíò yẹn mà ríran o," ó ní. "Mo rí àga tó ń rìn lẹ́yìn yín." Ó rẹ́rìn-ín títí, ó wá bi mí. "Ṣé ẹ ti jẹun?" Mo ní mo ti jẹ. Mi ò tíì jẹ.

Nígbà tí Títílayọ̀ padà dé, ó wo ibi tí omi kọ ìlà sí lára ògiri mi. Ó kúnlẹ̀, ó ní, "Sà, ibo ni omi máa ń gbà níbí?" Mo mú un sọdá lọ bá Alàájì. Wọ́n ri páìpù ńlá náà. Ọ̀sẹ̀ kan náà ló gbà.

Ẹ̀kọ́ tí mo kọ́ kò ṣòro: bí wọ́n bá fẹ́ gbé ohun tuntun gba ẹnu ọ̀nà rẹ, tí wọ́n sì bi ọ́ ní ìbéèrè, má ṣe fi ìkánjú dáhùn. Omi á wá tún ìdáhùn rẹ kà sókè, níwájú àna rẹ.

Pálọ̀ ti gbẹ, íńtánẹ́ẹ̀tì ń ṣiṣẹ́, yàrá mẹ́rin ṣì ni. Ṣùgbọ́n bí mo bá húkọ́ lọ́sàn-án báyìí, mi ò kí ara mi mọ́. Mo máa ń gbọ́ ọ láti òdìkejì: "Pẹ̀lẹ́ o, Tíṣà. Ṣé kì í ṣe pé omi tún ti wọlé?" Èmi náà á rẹ́rìn-ín, bó tilẹ̀ jẹ́ pé mo kọ́kọ́ máa ń wo ilẹ̀.