Màmá Agbálẹ̀ Kọ́ Ẹ̀kọ́ Ìfọwọ́sowọ́pọ̀

Dókítà ọ̀dọ́ ṣẹ̀ṣẹ̀ tú báńdéèjì egbò kan tó ti kẹ̀ tán ni, ó tún ń sáré lọ wo ìyá ìkókó tí wọ́n ṣe iṣẹ́ abẹ fún lánàá. Ó kọjá lára ẹ̀rọ omi bí ẹni pé àwọn méjèèjì ń jà. Màmá Agbálẹ̀ rí i, ló bá fi igi ìnulẹ̀ dábùú ẹnu ọ̀nà.

"Dókítà, ẹ ò tíì fọwọ́."

"Mo ti fọwọ́ sí i, Màmá. Kò sí ìwé kankan lórí tábìlì tí mi ò fọwọ́ sí."

"Kì í ṣe ti ìwé ni mò ń wí."

"Ẹ̀yin gan-an lẹ ò tíì fọwọ́ síwájú orúkọ yín nínú ìwé ẹ̀kọ́. Ẹ ò wá síbi ẹ̀kọ́ mi láàárọ̀."

"Èmi ni mo nu àga tí wọ́n jókòó lé."

Dókítà fi bíró ọwọ́ rẹ̀ há etí, ó ṣí ìwé ẹ̀kọ́ náà. "Ìfọwọ́sowọ́pọ̀ la kọ́."

"Ìfọwọ́ kí ni?"

"Ìfọwọ́sowọ́pọ̀."

"Ó dáa. Ẹ jẹ́ ká mú ìfọwọ́ ibẹ̀ ná."

"Kò ṣeé gé sí méjì, Màmá. Oníkálukú ló ní ipa tirẹ̀. Èmi ń wo àìsàn, nọ́ọ̀sì ń tọ́jú aláìsàn, apoògùn ń bójú tó oògùn. Tiyín ni ìdọ̀tí."

"Gbogbo ìdọ̀tí?"

"Pátápátá. Bí ẹ bá ti rí i, ẹ ò gbọdọ̀ fọwọ́ lẹ́rán."

"Ibi yòówù kó wà?"

"Ibi yòówù. Kódà kó wà lára ọ̀gá àgbà."

"Ẹ ṣeun. Ẹ mú ọwọ́ yín wá."

Inú Dókítà dùn pé ẹ̀kọ́ ti wọlé. Ó na ọwọ́ kí Màmá bọ̀ ọ́. Màmá Agbálẹ̀ fa tiẹ̀ sẹ́yìn, ó tẹ ọṣẹ olómi sí i ní àtẹ́lẹwọ́.

"Ẹ̀gbin egbò yẹn ṣì wà lọ́wọ́ yín. Ibi tí wọ́n là níkùn ìyá ìkókó ò tíì jinná. Ẹ̀rù ló ń bà mí, Dókítà."

Dókítà wo ọwọ́ ara rẹ̀, ojú tì í. "Kí ló dé tí ẹ ò tètè sọ?"

"Òun ni mo kọ́kọ́ sọ."

Ó lọ sídìí ẹ̀rọ omi, ó ń fọ ọwọ́ títí dé ìgbúnwọ́. Màmá Agbálẹ̀ dúró tì í.

"Ọ̀tún wẹ òsì, òsì wẹ ọ̀tún, lọwọ́ fi ń mọ́."

"Ó wà nínú ẹ̀kọ́ mi, Màmá. Mo fi pa òwe fún wọn ni."

"Ẹ kú iṣẹ́. Èmi ò mọ̀ pé òwe ni."

Dókítà rẹ́rìn-ín, ó nu ọwọ́ gbẹ, ó yọ bíró létí. "Mo gbọ́dọ̀ kọ èyí síwájú orúkọ yín báyìí: Màmá lè dá dókítà dúró."

Màmá Agbálẹ̀ ò gbé igi kúrò lẹ́nu ọ̀nà.

"Ẹ padà sídìí omi, Dókítà. Ẹ̀yin àti bíró yẹn lẹ jọ lọ síbi egbò."