Fulúìdì Sítíárìn Tíṣà Micah

Ọdún márùndínlógójì ni Tíṣà Micah fi kọ́ àwọn ọmọ ní físíìsì kó tó fẹ̀yìn tì, kò sì sí ohun tí wọ́n lè bi í tí kò ní mọ ìdí rẹ̀. Láàárọ̀ Sátidé kan, ó wa ọkọ̀ kékeré tí Moṣọpẹ́, ọmọ rẹ̀, rà fún un dé iwájú ṣọ́ọ̀bù Mùínátù, obìnrin tó ń ta ọ́ìlì ọkọ̀ lọ́nà Ìjagun. Sítíárìn náà le bí ẹni ń yí odó.

Ìyàwó rẹ̀, Susannah, wà ní ìpàdé àwọn ìyá ìjọ ní Ayépé, ó sì ti sọ fún àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ pé aago méjìlá ni ọkọ òun ń bọ̀ wá gbé òun. Ṣùgbọ́n ohun tó ń da tíṣà láàmú ju ti aago méjìlá lọ. Ó ti di ẹni ọdún mẹ́tàléláàádọ́rin. Láti ọjọ́ mẹ́ta tí sítíárìn ti ń le ló ti ń bẹ̀rù, láìsọ fún ẹnikẹ́ni, pé bóyá ọkọ̀ kọ́, bóyá apá òun ni kò lágbára mọ́.

Mùínátù kí i, ó fún un ní àga. Kò jókòó, ó ní Ayépé lòun ń lọ gbé ìyàwó òun.

“Fulúìdì sítíárìn ni mo wá rà. Ìgò kan.”

“Irú èwo, bàbá?”

“Èyí tó dára.”

“Gbogbo rẹ̀ ló dára, sà. Ọkọ̀ ni kì í gba gbogbo rẹ̀. Èyí tó wà nínú rẹ̀ tẹ́lẹ̀, ṣé epo pupa ni, àbí…”

“Ọkọ̀ ni mo ní kò dára. Mi ò ní mo fẹ́ se ẹ̀fọ́.”

Mùínátù ṣàlàyé pé àwọ̀ lòun ń sọ. Òmíràn pupa, òmíràn rí bí oyin, àwọ̀ nìkan kò sì tó láti fi mọ̀ ọ́n. Ó ní ọkùnrin kan láti Ìmùṣin fagídí gba ti bíréèkì lọ́wọ́ òun lọ́jọ́sí, ó bù ú sí sítíárìn, kí ọ̀sẹ̀ tó yí po gbogbo rọ́bà inú rẹ̀ ti wú. Láti ìgbà náà lòun ti búra pé ẹni tí kò bá tíì ka ohun tí wọ́n kọ sórí ìdérí inú ọkọ̀ rẹ̀, òun kò ní tà fún un.

Tíṣà jáde, ó ṣí bọ́nẹ́ẹ̀tì. Ìdérí pọ̀ níbẹ̀ bíi ti ìkòkò nílé olóúnjẹ. Ó padà wọlé.

“Wọn ò kọ nǹkan kan sórí ìkínní. Àwòrán ni wọ́n yà. Omi ń tú sókè. Agbára ni wọ́n fi ń hàn.”

“Àgbàrá, sà?”

“Agbára.”

“Ṣebí omi lẹ ní ẹ rí?”

“Omi ni. Ṣùgbọ́n agbára ni ìtumọ̀ rẹ̀.”

“Omi tó bá ti pọ̀, àgbàrá náà ni, sà. Ṣùgbọ́n omi tí wọ́n fi ń fọ gíláàsì iwájú ni wọ́n ń bù síbẹ̀. Bí ẹ bá bu ọ́ìlì sí i, ẹ ò ní ríran dé Ayépé.”

Tíṣà tún jáde. Ó pẹ́ díẹ̀ kó tó dé.

“Ìkejì ní kí n má ṣí òun tó bá gbóná.”

“Rèdíétọ̀ nìyẹn.”

“Wọ́n kọ bíréèkì sórí ìkẹta.”

“Bíréèkì ni, sà.”

“O rí i pé mo mọ̀ ọ́n. Ìkẹrin, ìkòkò tíì ni wọ́n yà sí i.”

“Ọ́ìlì ẹ́ńjìnnì nìyẹn, bàbá. Ó ku èwo?”

“Kò ku ìkankan.”

Mùínátù nu ọwọ́, ó jáde lọ wò ó fúnra rẹ̀. Tíṣà tẹ̀ lé e, ó ń ṣàlàyé bí fulúìdì ṣe máa ń ti ẹsẹ̀ ọkọ̀. Obìnrin náà wo ọ̀tún, ó wo òsì, ó nàró.

“Bàbá, sítíárìn yín kì í lo ọ́ìlì. Iná ló ń lò.”

Tíṣà fi ẹsẹ̀ kan sẹ́yìn.

“Iná mànàmáná, sà. Mọ́tò kékeré kan ló ń bá yín yí i. Ṣé iná pupa kankan tàn níwájú yín bí ẹ ṣe ń bọ̀?”

Tíṣà ní kò sí. Ojú rẹ̀ rẹ̀wẹ̀sì. Bí kò bá sí fulúìdì tó gbẹ, tí iná kankan kò sì tàn, kí ló wá kù? Ó wo ọwọ́ rẹ̀ méjèèjì.

“Apá mi ni, nígbà náà.”

Mùínátù gbọ́, kò rẹ́rìn-ín. Ó wọ inú ọkọ̀, ó ṣáná sí i, ó di sítíárìn mú. Ó yí i títí iṣan ọrùn rẹ̀ fi yọ.

“Ẹni ogójì ọdún ni mí, bàbá. Apá tèmi náà ńkọ́?”

Ó sọ̀ kalẹ̀, ó fi ẹsẹ̀ tẹ táyà iwájú. Táyà náà wọlé bí ẹ̀bà tútù. Èkejì kò sàn jù ú lọ. Ìgbà náà ni tíṣà rántí pé láti ìbẹ̀rẹ̀ òjò ni ọkọ̀ náà ti wà lábẹ́ igi máńgòrò kí òun tó gbé e jáde ní ọjọ́ mẹ́ta sẹ́yìn, kò sì sẹ́ni tó fẹ́ atẹ́gùn sí i. Mùínátù gbé ẹ̀rọ ìfẹ́táyà tí bàbá rẹ̀ fi sílẹ̀ fún un jáde, ó fẹ́ táyà mẹ́rẹ̀ẹ̀rin.

Tíṣà wọlé, ó fi ìka kan yí sítíárìn sọ́tùn-ún, ó yí i sósì. Ó tún yí i lẹ́ẹ̀kan sí i, bẹ́ẹ̀ kò sí ibi tó ń lọ. Ó bi Mùínátù pé èló ni. Mùínátù ní òun kì í gba owó afẹ́fẹ́, kó sáà bá òun kí màmá ní Ayépé. Tíṣà tún fìlà rẹ̀ ṣe.

“Ṣé o mọ̀ pé nínú físíìsì, fulúìdì ni afẹ́fẹ́ náà? Ohunkóhun tó bá ti lè ṣàn ni. Fulúìdì ni mo wá rà, fulúìdì náà lo sì fún mi.”

Mùínátù wo ẹ̀yìn rẹ̀, ó sún mọ́ fèrèsé ọkọ̀.

“Ẹ jọ̀ọ́, bàbá, ẹ rọra sọ ọ́. Bí àwọn agbowó-orí bá gbọ́ pé ọjà ni afẹ́fẹ́, ọ̀dọ̀ mi ni wọ́n máa kọ́kọ́ dé.”