Òfin Igbó Dé Òkè-Àbàtà

Ẹ gbọ́ o! Ẹ gbọ́ o! Gbogbo ará Òkè-Àbàtà, tọmọdé tàgbà, ẹ fetí sílẹ̀! Ẹni tó ń wẹ̀, kó ṣan ọṣẹ kúrò létí!

Káńsù ní kí n kí yín. Òfin tuntun ti jáde. Òfin igbó! Ẹnikẹ́ni tí wọ́n bá ká igbó mọ́ lọ́wọ́, ẹ̀wọ̀n ọdún mẹ́wàá! Ọdún mẹ́wàá o! Kò sí ẹ̀bẹ̀.

Mo bi wọ́n pé igbó wo. Ṣé èyí tí wọ́n ń fà ni, àbí èyí tí wọ́n ń ṣán? Alága wa, ọ̀mọ̀wé tó ti ìlú òyìnbó dé, ní igbó ni igbó. Ó parí! Ta ni mo jẹ́ tí màá kọ́ ọ̀mọ̀wé ní Yorùbá?

Àṣẹ kìíní: Ẹni tí igbó bá wà lẹ́yìnkùlé rẹ̀, kó gbé e lọ sí àgọ́ ọlọ́pàá kó tó di Ọjọ́rú. Gbogbo rẹ̀ o, àti igi ìrókò!

Àṣẹ kejì: Ọdẹ kankan kò gbọdọ̀ wọ igbó mọ́. Kí ẹran máa wá bá a nílé. Bàbá Ògúntóyè, olórí ọdẹ wa, ti wà ní àhámọ́ láti àná. Ọlọ́pàá bi wọ́n níbi tí wọ́n ti ń bọ̀, wọ́n ní inú igbó. Àgbàlagbà! Wọ́n fẹnu ara wọn jẹ́wọ́!

Àṣẹ kẹta: Èéfín tó ń rú lẹ́yìn ilé alága nírọ̀lẹ́, tí ewúrẹ́ àdúgbò fi ń rẹ́rìn-ín, ewé tí wọ́n fi ń lé ẹ̀fọn ni. Ẹni tó bá gbóòórùn nǹkan mìíràn, ọdún márùn-ún! Ẹ ṣọ́ imú yín!

Àṣẹ kẹrin: Orúkọ tí igbó bá wà nínú rẹ̀, ẹrù òfin ni. Ẹni tó ń jẹ́ ẹ ti gbé igbó pa mọ́ sára.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ jẹ́ kí n mí ná. Ẹ̀yin náà mọ orúkọ mi. Àbíkú ni mí. Ẹ̀ẹ̀mẹta ni ìyá mi sin mí kí n tó dúró. Wọ́n wá sọ mí ní Igbókọ̀yí, kí igbó tí wọ́n ń sin ọmọ sí má gbà mí mọ́. Ọlọ́pàá méjì tó dúró tì mí yìí, èmi ni wọ́n ń dúró dè. Wọ́n ṣèèyàn o, wọ́n ní kí n kọ́kọ́ kéde tán.

Ẹ bá mi gbé agogo yìí lọ fún Màmá nílé. Ẹ sọ fún wọn pé igbó kọ̀ mí lóòótọ́. Ẹ̀wọ̀n ni kò kọ̀ mí.

Èmi akéde yín ni mo wí bẹ́ẹ̀. Ẹ má pe orúkọ mi o, kí wọ́n má baà ká igbó mọ́ yín lẹ́nu!