Ọkọ̀ Irin tí Àna Ṣe

Apẹja kan ní ọkọ̀ pákó tó ń jò bí ajere. Ìyàwó rẹ̀ gbọ́n omi inú rẹ̀ títí ó fi sú u, ló bá kó ẹrù lọ sílé ìyá rẹ̀ ní òdìkejì odò. Ó ní òun ò padà wá àfi tí wọ́n bá gbé ọkọ̀ tí kò ní jẹ́ kí ẹsẹ̀ òun tutù wá mú òun. Ẹ̀gbọ́n ìyàwó yìí, jórin-jórin tó ń ṣe táǹkì omi, ló bá àna rẹ̀ ṣe ọkọ̀ onírin. Àárọ̀ yìí ni wọ́n gbé e dé etí odò. Ìyàwó ti dúró lọ́hùn-ún pẹ̀lú àpótí rẹ̀, ó ń wò wọ́n.

Apẹja yí ọkọ̀ náà po. Ó yọ ìṣó kan lápò, ó jù ú sódò.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ rí i?"

"Mo rí kí ni?"

"Ìṣó. Ẹ̀yin náà ò rí i mọ́. Bí ọmọ irin bá ṣe báyìí, bàbá ẹ̀ ńkọ́?"

Jórin-jórin rẹ́rìn-ín ẹni tó ti gbọ́n kó tó dé ayé.

"Ìṣó ò ní inú, àna mi. Ọkọ̀ ní inú, inú náà sì ṣófo. Ohun tó bá ṣófo máa ń ti omi sẹ́gbẹ̀ẹ́ kó tó ríbi jókòó. Bí omi tó tì bá ti wúwo tó òun fúnra ẹ̀, omi á gbé e."

"Omi tí wọ́n tì sẹ́gbẹ̀ẹ́ ló máa wá gbé ẹni tó tì í?"

"Bẹ́ẹ̀ ni."

"Omi mà ní sùúrù o. Ẹni tó bá tì mí, mi ò ní gbé e."

"Abọ́ tí ẹ fi ń fọṣọ, ṣé kì í léfòó ni?"

"Ó ń léfòó. Mi ò ṣáà jókòó sínú ẹ̀ lọ mú ìyàwó rí."

Jórin-jórin ní ẹni tó bá fojú di iṣẹ́ òun, àbúrò òun ló fojú di. Apẹja wo òdìkejì. Ìyàwó ti gbé àpótí rù, ó fẹ́ máa padà sílé ìyá rẹ̀. Apẹja sáré wọ inú ọkọ̀. Ṣùgbọ́n ó ní ẹni tó se ọbẹ̀ ló yẹ kó kọ́kọ́ tọ́ ọ wò, jórin-jórin náà bá wọ ọkọ̀ tẹ̀lé e.

Ọkọ̀ léfòó. Inú apẹja dùn, ó ń tukọ̀ kíkankíkan. Jórin-jórin fẹsẹ̀ kọ́ra.

"Ìtì igi ńkọ́, Ẹ̀gbọ́n? Kò ní inú, síbẹ̀ kì í rì."

"Igi fúyẹ́ ju omi lọ."

"Ẹ ò tíì ru ìtì igi rí nìyẹn."

"Bí igi àti omi bá tóbi bákan náà ni mò ń sọ. Ọ̀rọ̀ yìí ga jù ọ́ lọ, máa wa ọkọ̀."

Apẹja wà á títí wọ́n fi kọjá àárín odò. Lẹ́yìn náà ló wo ilẹ̀ ọkọ̀.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹsẹ̀ mi tutù."

"Irin máa ń tutù láàárọ̀."

"Ó tutù dé ọrùn ẹsẹ̀."

Jórin-jórin bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ wo abẹ́ ìjókòó. Omi ń ru gùdù láti inú ihò roboto kan tó gba ìkúùkù. Ojú rẹ̀ fà ro.

"Ihò kí nìyẹn, Ẹ̀gbọ́n?"

"Ihò ẹ̀rọ omi ni. Kò sí táǹkì tí mi ò kì í lu ihò ẹ̀rọ sí nídìí, ọwọ́ mi ti mọ́ ọn. Páálí ni mo fi dí i nígbà tí mò ń kùn ún lọ́dà, mo bá kun páálí mọ́ ọn. Ó ti rin, ó ti já."

"Ta ló fẹ́ wá pọnmi nínú ọkọ̀?"

"Ibẹ̀ lomi máa ń gbà jáde, àna."

"Ẹ bá mi sọ fún omi yìí o, ó ti ṣìnà."

Ìyàwó lọgun láti èbúté pé kí ló dá wọn dúró. Ọkọ rẹ̀ dá a lóhùn pé àwọn ń wo iṣẹ́ ọwọ́ ẹ̀gbọ́n rẹ̀ ni. Jórin-jórin ṣí fìlà, ó fi gbogbo agbára tì í bọ ihò náà. Fìlà gba ibẹ̀ jáde sódò, ó léfòó lọ.

"Fìlà yín mọ iṣẹ́ yìí ju ọkọ̀ yín lọ."

Omi dé orúnkún. Èbúté ò jìnnà mọ́, ṣùgbọ́n ọkọ̀ ti ń lọ sísàlẹ̀ wẹ́rẹ́wẹ́rẹ́. Apẹja mọ̀ pé bí òun bá rì lójú obìnrin yìí lónìí, ó parí.

"Àna, mi ò mọ̀wẹ̀. Kí la fẹ́ dì mú?"

"Ẹ̀yin náà lẹ ní ohun tó bá ṣófo kì í rì."

"Mo sọ bẹ́ẹ̀. Kí ló wá ṣófo níbí?"

"Ẹ má bínú sí mi, Ẹ̀gbọ́n."

Apẹja fi ọwọ́ méjèèjì di orí àna rẹ̀ mú.

Ohùn máa ń rìn lórí omi. Ìyàwó gbọ́ gbogbo rẹ̀. Ó sọ àpótí kalẹ̀, ó rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó lé e lórí. Ó ti pẹ́ tí apẹja ti gbọ́ ẹ̀rín yẹn kẹ́yìn, ó sì mọ̀ pé òun ti rí ìyàwó òun gbà padà. Obìnrin náà rìn wọ inú odò títí omi fi dé àyà rẹ̀, ó ń rẹ́rìn-ín síbẹ̀, ó bi ọkọ rẹ̀ léèrè pé èwo nínú wọn ni kí òun kọ́kọ́ fà jáde.

"Ẹ̀gbọ́n ẹ ni kó o kọ́kọ́ fà. Omi ti ń wọ̀ wọ́n lẹ́nu. Bó bá pẹ́ sí i, wọn ò ní ṣófo mọ́."